Ọkọ̀ Ìmúròde, Ọkọ̀ Iṣẹ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ aṣọ bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo fẹ́ sọ. Ẹ ti kà nípa aṣọ òkè: etù tí aró mú dúdú, àlàárì tó pọ́n, àti sányán tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀pà tí wọ́n yan. Ká ní bàbá yín gbé agbádá sányán kan fún yín, tí ó ní bàbá òun ló wọ̀ ọ́ ṣe ìgbéyàwó. Ṣé ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ síbi tí ẹ ti ń fọ abọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀? Ṣé ẹ máa wọ̀ ọ́ dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò? Ẹ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Yorùbá ní aṣọ ìmúròde, wọ́n sì ní aṣọ iṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní aṣọ iṣẹ́, kò ní pẹ́ tí aṣọ ìmúròde rẹ̀ yóò fi di àkísà.

Bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ náà nìyẹn. Ọdọọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tàbí méjì máa ń wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì. Wọ́n á ti rí ọkọ̀ mi níta, wọ́n á sì sọ pé àwọn náà máa ra irú rẹ̀ ní kété tí àwọn bá ti rí iṣẹ́. Mo máa ń bi wọ́n pé, "Kí lẹ ó máa wà lọ síbi iṣẹ́ náà?" Wọ́n á ní ọkọ̀ yẹn náà ni. Ibẹ̀ ni àyà mi ti máa ń já. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ọkọ̀ míràn, ọkọ̀ lásán tí ẹnikẹ́ni kò ní yíjú wò lójú pópó, kó tó ra èyí tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. N kò sọ ọ́ nítorí pé mo gbọ́n jù yín lọ. Ojú ọ̀nà M25 ni mo ti kọ́ ọ.

Ọkọ̀ mi jẹ́ Volkswagen tí wọ́n ṣe ní 1971. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tó rí roboto, tí iná iwájú rẹ̀ dà bí ojú tó là sílẹ̀. Àwọn Yorùbá ò fi àkókò ṣòfò lórí orúkọ rẹ̀: ìjàpá ni wọ́n pè é, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣe bí igbá. Ní Brazil, Fusca ni wọ́n ń pè é. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú ni wọ́n ń di ẹrù sí, kò sì ní omi kankan tí ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára. Fáànù kan ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo, okùn rọ́bà tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ní fífẹ̀, ló ń yí fáànù yẹn, òun náà ló sì ń yí ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná. Ẹ fi bẹ́líìtì yẹn sọ́kàn.

Kí ló dé tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀? Bàbá mi, ọ̀gá ilé ìwé ní Ìbàdàn, ra ọ̀kan ní 1975, ọdún tí wọ́n san owó Udoji fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Èkó. Ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn, kìì-kìì-kìì tó máa ń ké bí ẹni ń gún nǹkan nínú odó kékeré, ni ohùn tí a fi ń mọ̀ pé bàbá ti dé. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan náà ní òpópónà kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, mo tẹ̀ lé e dé ibi tí ó dúró sí. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo ti rà á. Mo ta Toyota mi kí n lè rí owó rà á. Ẹ wo àṣìṣe níbẹ̀.

Fún ọdún kan gbáko, ìjàpá yẹn nìkan ni ọkọ̀ ilé wa. Mo ń gbé e lọ kọ́ yín ní ẹ̀kọ́, mo ń gbé e lọ sọ́jà, mo ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Inú mi ń dùn. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín sí mi ní ibi iná ojú ọ̀nà. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, torí òun ló máa ń fi aṣọ nu èéfín tó bo gíláàsì nínú ọkọ̀ láàárọ̀, kí n lè ríran. Ooru tó yẹ kó wá láti ara ẹ́ńjìnnì kì í tètè dé iwájú. Tó bá fi máa dé, ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ.

Oṣù kejì ọdún ni ìyá ìyàwó mi wá láti Ìbàdàn, láti bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Ìyàwó mi ti lóyún oṣù mẹ́jọ nígbà náà. Mo gbé ìjàpá lọ pàdé Màmá ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow. Àpótí méjì ni wọ́n gbé wá, ìkọ̀ọ̀kan wọn tó kìló 23, ẹ sì mọ ohun tó máa ń wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀: ẹ̀lùbọ́, ẹ̀gúsí, ọṣẹ dúdú, àti irú tí wọ́n wé ní ọ̀rá mẹ́ta tí òórùn rẹ̀ ṣì ń jáde. Ibi ẹrù tó wà níwájú ìjàpá kò gba àpótí kan ṣoṣo. A kó méjèèjì sí ìjókòó ẹ̀yìn, Màmá sì jókòó síwájú pẹ̀lú báàgì ọwọ́ wọn lórí itan. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wo ìbòrí ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń wo ilé tí kò dá a lójú.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé ìyànà tó lọ sí Gatwick, iná pupa kékeré kan tàn níwájú mi. Ẹni tí kò bá mọ ìjàpá á rò pé bátìrì lásán ni, á sì máa wakọ̀ lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Bẹ́líìtì ti já. Fáànù ti dúró, ẹ́ńjìnnì kò rí afẹ́fẹ́ mọ́, bí mo bá sì wà á síwájú sí i, á jó kanlẹ̀. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo pa á. Ẹ bi mí bóyá mo ní bẹ́líìtì míì nínú ọkọ̀. N kò ní. Ohun tí owó rẹ̀ kò tó ti oúnjẹ ọ̀sán.

Òfin ojú ọ̀nà ńlá níhìn-ín ni pé tí ọkọ̀ yín bá bàjẹ́, ẹ kò gbọdọ̀ jókòó sínú rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ jáde, kí ẹ sì dúró lẹ́yìn irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Báyìí ni ìyá ìyàwó mi, ẹni ọdún 68 tí kò tíì lo wákàtí mẹ́ta ní Ìlú Ọba, ṣe dúró nínú koríko tútù nínú òkùnkùn, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ń sáré kọjá, tí afẹ́fẹ́ wọn ń fẹ́ gèlè wọn. Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi wé wọn. A dúró fún wákàtí méjì kí ọkọ̀ tí yóò fà wá tó dé. Láàárín wákàtí méjì yẹn, ìgbà kan ṣoṣo ni Màmá sọ̀rọ̀.

"Ọkọ ọmọ mi," wọ́n ní, "ó ti pẹ́ tí a ti bọ́ lọ́wọ́ ìjàpá ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ wá bá mi tọ́jú rẹ̀ pamọ́."

N kò lè dáhùn. Nígbà tí a délé, ìyàwó mi fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Kò pariwo rárá, ohun tó dùn mí jù sì nìyẹn. Ó ní: "Dádì, tó bá jẹ́ pé alẹ́ òní ni ọmọ yìí fẹ́ dé ńkọ́? Kí ni à bá gbé lọ sí ilé ìwòsàn? Tí ó bá sì dé tán, ibo nínú ìjàpá yín lẹ fẹ́ de ìjókòó rẹ̀ mọ́?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kò sí bẹ́líìtì kankan ní ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, nítorí pé nígbà tí wọ́n ṣe é, kò pọn dandan. Ọdún 1987 ni òfin tó ní kí gbogbo ọkọ̀ tuntun ní Ìlú Ọba ní bẹ́líìtì lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi tí a lè so ìjókòó ọmọ ìkókó mọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ kò ní àyè fún ọmọ mi.

Lóru ọjọ́ yẹn, mo pinnu láti ta ìjàpá. Mo kọ ìpolówó rẹ̀ sórí ìwé. Ìyàwó mi ló kà á láàárọ̀, tó sì ya á. Ó ní òun ò ní kí n tà á, òun ní kí n má fi ṣe ọkọ̀ ilé ni. Mo rò pé ìyàtọ̀ tí kò nítumọ̀ ni nígbà náà. Ní báyìí, mo rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nítorí ara wọn ni wọ́n fi ń ra ọkọ̀ kejì, kí wọ́n má baà pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ìyẹn jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni. Nítorí ọkọ̀ àtijọ́ náà gan-an ni. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ọkọ̀ àtijọ́ bá jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ó bàjẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, iṣẹ́ sì wà lọ́jọ́ Ajé. Ojúlówó páàtì tó yẹ á gba ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé láti Jámánì. Kí lẹ máa ṣe? Ẹ máa fi wáyà dè é. Ẹ máa ra ayédèrú tó wà nítòsí. Ẹ máa lu ihò síbi tí kò sí ihò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo tú ìjàpá mi palẹ̀ lẹ́yìn tí mo ra ọkọ̀ kejì, ihò mẹ́rin tí n kò mọ ẹni tó lu wọ́n ni mo bá lára rẹ̀, mo sì bá méjì tí èmi fúnra mi lù. Gbogbo wọn ni ìkánjú alẹ́ Sunday. Ọkọ̀ àtijọ́ kò nílò owó tó bí ó ṣe nílò sùúrù, kò sì sí ẹni tó lè ní sùúrù fún ohun tó gbọ́dọ̀ gbé e lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la.

Iyọ̀ tún wà níbẹ̀. Ní ìgbà òtútù, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ níhìn-ín máa ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà kí yìnyín má baà dì. Iyọ̀ àti omi ni ọ̀tá irin. Abẹ́ ìjàpá kún fún ihò gígùn tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà kọjá, ìyẹn ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì. Ibẹ̀ ni ìpẹtà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kò sì ní rí i títí tí ilẹ̀ ọkọ̀ fi máa jìn. Ìgbà òtútù kan ṣoṣo tí mo fi ìjàpá rìn lójoojúmọ́ bà á jẹ́ ju ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́wàá lọ. Irin tuntun tí wọ́n bá mi jó mọ́ ọn gbà mí ní owó tó ju èyí tí mo fi ra ọkọ̀ kejì lọ.

Epo náà ti yí padà. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, bẹntiróòlù tó wọ́pọ̀ ní ilé epo ní Bìrìtìkó jẹ́ E10, ìyẹn ni pé ọtí líle tí wọ́n ń pè ní ethanol lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ethanol yìí máa ń jẹ rọ́bà ọkọ̀ àtijọ́, ó sì máa ń fa omi mọ́ra. E5 tó wọ́n ju E10 lọ ni ó yẹ kí a máa rà fún wọn. Ẹni tó bá fi E5 rìn lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ á mọ̀ ọ́n lápò.

Ní ti íńṣọ́ránsì, ọ̀rọ̀ náà yé àwọn adójútòfò ju àwa tí a ní ọkọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe íńṣọ́ránsì ọkọ̀ àtijọ́ ní owó pọ́ọ́kú máa ń béèrè bóyá ẹ ní ọkọ̀ míràn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́. Wọ́n sì máa ń fi ààlà sí iye máìlì tí ẹ lè rìn lọ́dún. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ ìmúròde tí ó wà nílé ní ọjọ́ òjò kò ní tètè forí gbárí pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín ti ń múra láti bi mí pé, "Kúbà ńkọ́?" Ìbéèrè tó dára ni, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ti kà nípa àwọn Lùkúmí, tí ẹ sì ti rí fọ́tò òpópónà Havana. Àwọn Chevrolet àti Buick ọdún 1950 sí 1959 ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń kó èrò, kò sì sí ọkọ̀ kejì nílé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí bóńẹ́ẹ̀tì wọn wò. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ní 1959, Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn òwò mọ́ Kúbà, páàtì kò wọlé mọ́. Ẹ́ńjìnnì dísù láti ara ọkọ̀ míràn ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ní báyìí, bíréèkì láti ara òmíràn, páàtì tí wọ́n fi ọwọ́ rọ. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn mẹkáníìkì Kúbà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ohun tí wọ́n ṣe, àìní ló kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́. Wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ iṣẹ́ ni, nítorí pé òun nìkan ló wà. Ẹni tí ó ní ànfààní láti ra Toyota ní Croydon tó wá ń ṣe bí ẹni pé Havana ni òun ń gbé, eré ló ń ṣe.

Brazil le díẹ̀ fún mi láti dáhùn. Wọ́n ṣe Fusca níbẹ̀ títí di 1986, nígbà tó sì di 1993, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ nítorí pé Ààrẹ Itamar Franco fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe é títí di 1996. Páàtì pọ̀, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n pọ̀, kò sí iyọ̀ lójú ọ̀nà Salvador. Tí ẹ bá ń gbé ní Bahia, tí ẹ sì fẹ́ fi Fusca nìkan rìn, n kò ní bá yín jà púpọ̀. Ẹ kàn sọ fún mi ibi tí ẹ máa gbé ọmọ sí.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹ máa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ kan gan-an, agbára káká ni. Ẹ tún ń sọ ti méjì." Òtítọ́ ni, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ bo ojú. Ọkọ̀ méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ọkọ̀ iṣẹ́ ni kó ṣáájú. Tí owó yín bá tó ọkọ̀ kan péré, ẹ ra èyí tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì dúró. Ìjàpá kò ní sá lọ. Ó lé ní mílíọ̀nù 21 tí wọ́n ṣe kí èyí tó gbẹ̀yìn tó jáde ní Mexico ní 2003. Ní ti ìnáwó rẹ̀, ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún kì í san owó orí ọkọ̀ ní Ìlú Ọba mọ́, láti 2018 sì ni òfin kò ti fi dandan lé e pé kó lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún. (Èmi ṣì ń gbé tèmi lọ fún àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó ju ogójì ọdún lọ, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo bíréèkì rẹ̀, kí ó má gbé mi o.)

Àwọn kan máa ń sọ nípa èéfín, inú mi sì máa ń dùn pé àwọn ọ̀dọ́ ló ń sọ ọ́. Wọ́n ní ọkọ̀ méjì á ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ju ọ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n èèyàn kan kò lè wa ọkọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjàpá kò ní ohun tó ń sẹ́ èéfín. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kì í gba pọ́n-ùn 12.50 ti ULEZ lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé èéfín rẹ̀ mọ́. Ọlá àgbà ni wọ́n fún un. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá gbé ọkọ̀ lásán jáde tí ìjàpá sùn sílé, àwọn ọmọ ilé ìwé tó wà ní òpópónà wa ló jàǹfààní rẹ̀.

Tí ẹ kò bá ní ibi tí ẹ lè gbé méjì sí, ó di ọ̀rọ̀ míràn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ọkọ̀ kejì yín lè jẹ́ kẹ̀kẹ́, ó lè jẹ́ bọ́ọ̀sì tó ń dúró níwájú ilé yín. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun kan gbọ́dọ̀ wà tó máa gbé yín lọ láìbi ìjàpá léèrè.

Irú ọkọ̀ wo ni kí ó jẹ́? Ẹ ra èyí tí kò ní wù yín. Mo mọ̀ pé ó le. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ní Peugeot 504 gba ìmọ̀ràn mi, ó lọ ra ọkọ̀ iṣẹ́. Volvo ọdún 1985 ló rà. Ó ní ọkọ̀ iṣẹ́ ni, nítorí pé búùtù rẹ̀ fẹ̀. Ní báyìí, ọkọ̀ méjèèjì wà lórí bíríkì níwájú ilé rẹ̀, bọ́ọ̀sì ló sì ń wọ̀. Ọkọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí mẹkáníìkì èyíkéyìí lè tún ṣe láìpe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Kó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin. Kó ní bẹ́líìtì fún gbogbo èèyàn àti ibi tí a lè so ìjókòó ọmọ mọ́. Tí ẹ bá ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù tí wọ́n ṣe láti 2006 síwájú kì í sábà ní wàhálà pẹ̀lú ULEZ. Kí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé ká sílẹ̀, torí pé òun lẹ máa fi lọ gbé páàtì ìjàpá.

Tèmi jẹ́ Toyota Yaris ọdún 2009, aláwọ̀ eérú. Pọ́n-ùn 1,800 ni mo rà á. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní tòkúnbọ̀ ní Nàìjíríà ni, ṣùgbọ́n àwa tí a wà níbi tí tòkúnbọ̀ ti ń ṣí lọ kò ní orúkọ fún un. N kò fọ̀ ọ́ rí ju ìgbà mẹ́ta lọ lọ́dún. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí mi nínú rẹ̀ rí. Òun ló gbé ìyàwó mi lọ sí ilé ìwòsàn ní agogo mẹ́ta òru, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ M25, nínú yìnyín. Mo ṣí i, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dáhùn. N kò tilẹ̀ rántí ariwo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pa.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún bàbá mi lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ṣé mo ti gbàgbé kẹ̀kẹ́ Raleigh ni? Mo ti gbàgbé rẹ̀ lóòótọ́. Bàbá mi kì í gbé Volkswagen wọn lọ sí ilé ìwé. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn lọ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, nínú ẹrẹ̀ àti nínú eruku. Volkswagen wà lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n fi aṣọ bò ó, ó di ọjọ́ Sunday, ọjọ́ òkú àgbà, tàbí tí wọ́n bá ń lọ sí Ọ̀yọ́. Gbogbo ohun tí èmi rántí ni ohùn kìì-kìì-kìì yẹn. Ọjọ́ ayọ̀ nìkan ni mo ń gbọ́ ọ, n kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Màmá tún wá bẹ̀ wá wò ní oṣù kẹjọ tó kọjá. Mo gbé Yaris lọ pàdé wọn ní Heathrow. Àpótí méjèèjì wọ búùtù. Wọ́n wo ọkọ̀ náà yíká, wọ́n wo mí.

"Ìjàpá dà?"

Mo ní ó wà nílé, ó ń sinmi.

Nígbà tó di ọjọ́ Sunday, oòrùn yọ. Wọ́n jáde nínú bùbá àti ìró àlàárì, wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yaris, wọ́n lọ dúró ti ilẹ̀kùn ìjàpá. Mo ṣí i fún wọn. Wọ́n wọlé, wọ́n tún ìró wọn ṣe, wọ́n gbé báàgì wọn lé itan.

"Ọkọ ọmọ mi, ṣé ẹ ti ra okùn rẹ̀ míì?"

"Méjì ló wà níwájú níbẹ̀ yẹn, Màmá."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."